Wọ́n Ní Kẹ́ẹ Wá Di Trọ́sítì NGO Àwọn Ọmọ Òrukàn? Ẹ Ka Èyí Kẹ́ẹ Tó Sáìnì

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ẹnì kan á pè mí láti Ìjàpò, ẹlòmíì á dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ kan náà ni ṣá: "Àǹtí, bùrọ̀dá mi tó wà ní London ní àwọn fẹ́ dá NGO sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn nílé, wọ́n ní kí n fi NIN mi, páásípọ́ọ̀tù àti sáìn mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé èmi náà ti wà nínú bọ́ọ̀dù. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?"

Ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ náà dáa, ó dáa gan-an, èmi fúnra mi wà nínú bọ́ọ̀dù irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́, àwọn ará wa ní tiwọn ní England, àwọn ọ̀dọ́ tí ìyá àti bàbá wọn ti kú là ń ràn lọ́wọ́, àwọn kan wà níléèwé, àwọn kan ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí owó bá sọnù, tàbí tí nǹkan bá ṣe ọmọ kan, àwọn trọ́sítì, ìyẹn àwọn tórúkọ wọn wà níwèé pé àwọn ni wọ́n fi ẹgbẹ́ náà lé lọ́wọ́, lòfin máa kọ́kọ́ pè, kò ní bèèrè pé ṣé bùrọ̀dá yín ló ní kẹ́ẹ sáìnì. Torí ẹ̀ ni mo ṣe to gbogbo ẹ̀ síbí bó ṣe yẹ kẹ́ẹ tẹ̀ lé e.

## Ẹ kọ́kọ́ bèèrè: bọ́ọ̀dù wo?

Bọ́ọ̀dù ju ẹyọ kan lọ, ibẹ̀ ló ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú.

- Bọ́ọ̀dù tilẹ̀ yìí. Èyí tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Incorporated Trustees. Apá F nínú CAMA ti ọdún 2020, ìyẹn òfin tó wà fún iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ló ń darí ẹ̀. Orúkọ yín á wọnú ìwé ìjọba, CAC sì lágbára láti dá trọ́sítì dúró tí wọ́n bá rí i pé owó ń bàjẹ́ níbẹ̀.
- Bọ́ọ̀dù ti England. Charity Commission, àjọ tó ń rí sí àwọn ẹgbẹ́ àánú níbẹ̀, ló ń mójú tó ìyẹn, Charities Act ti 2011 ni òfin wọn. Lójú tiwọn, Àkúrẹ́ nilẹ̀ òkèèrè, àwọn ọmọ wa ni ọ̀dọ́ tó wà lókè òkun, torí náà àwọn trọ́sítì wọn gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé owó tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn dé ibi tó yẹ kó dé.
- Kọmítì lásán. Ẹ̀ ń bá wọn yẹ ọmọ wò, ẹ̀ ń bá wọn lọ síléèwé, ṣùgbọ́n orúkọ yín ò sí níwèé òfin kankan.

Tí wọ́n bá ní "wá wà nínú bọ́ọ̀dù wa", ẹ bi wọ́n pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ẹni tó ń pè yín ò bá lè dáhùn, òun gan-an ò tíì mọ ohun tó ń ṣe nìyẹn, ẹ ràn án lọ́wọ́ kó lọ bèèrè.

## Ohun mẹ́fà tẹ́ẹ máa ṣe kẹ́ẹ tó sáìnì

1. Ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ náà fúnra yín. CAC ní ibi tẹ́ẹ lè tẹ orúkọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ti England tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà sí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Charity Commission, ẹ máa rí orúkọ àwọn trọ́sítì, iye tó wọlé, iye tí wọ́n ná, ẹ sì máa rí i tí wọn ò bá fi ìṣirò owó ránṣẹ́ lásìkò. Tí owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ àánú kan ní England bá ti ju £5,000 lọ lọ́dún, ó di dandan kí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní CIO ni, ìyẹn ẹgbẹ́ àánú tó dá dúró fúnra ẹ̀ lójú òfin, wọ́n gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kódà kí owó má tíì wọlé rárá.

2. Ẹ gba constitution, ìwé òfin ẹgbẹ́ náà, ẹ kà á tán. Mo mọ̀ pé kì í dùn kà. Ẹ wá ohun mẹ́rin nínú ẹ̀: iṣẹ́ wo gan-an lẹgbẹ́ náà wà fún, èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè pinnu nǹkan, ta ló ń fọwọ́ sí owó, báwo lèèyàn ṣe ń kúrò. Ìkẹyìn yẹn, àwọn èèyàn ò kì í wò ó àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dàrú.

3. Ẹ bèèrè owó. Èló ló wà nílẹ̀? Ibo ló ti ń wá? Ọmọ mélòó là ń ṣèlérí fún, fún ọdún mélòó? Ìlérí lásán máa ń pa ọmọ òrukàn lára ju kéèyàn má dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá lọ. Ẹ ò lè mú ọmọ wọ SS1 kẹ́ẹ wá já a sílẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ sanwó WAEC.

4. Ẹ yẹ ara yín wò. Lábẹ́ òfin wa, ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 ò lè ṣe trọ́sítì, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tí kóòtù ti kéde pé gbèsè ti bò mọ́lẹ̀ tí wọn ò tíì tú sílẹ̀, ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ò pé, àti ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. England náà ní tiwọn tó jọ ọ́. Tọ́kan nínú ìwọ̀nyí bá kàn yín, ẹ yáa sọ ọ́ ní tààrà, ẹ lè ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ lọ́nà míì.

5. Ẹ pe àwọn tó kù lórí fóònù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n pé: "Ẹ mọ̀ pé ẹ wà nínú bọ́ọ̀dù yìí?" Ẹnu máa yà yín. Mo ti pe màmá kan rí, wọ́n ní wọ́n rò pé fọ́ọ̀mù aṣọ-ẹbí làwọn sáìnì.

6. Ẹ ka wákàtí yín. Ìpàdé mẹ́rin lọ́dún, ó kéré tán. Ìbẹ̀wò sáwọn ọmọ ní gbogbo táàmù. Ká ní ọmọ kan wà ní Ọ̀wọ̀, òmíì wà ní Ìkàrẹ́, odidi ọjọ́ kan lẹ máa fi lọ fi bọ̀. Ẹni tó ń tajà ní Ọjà Ọba láti àárọ̀ dalẹ́, tó tún ń gbọ́ ti ẹbí, kó rò ó dáadáa kó tó gbà.

Ẹ fà sẹ́yìn kíákíá tẹ́ẹ bá gbọ́ tàbí rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

- "Ẹ sáìnì síbí, a máa kọ ìyókù tó bá yá."
- "Ẹ má ṣèyọnu, orúkọ yín lásán la nílò."
- Wọ́n ní kí owó máa gba inú àkáǹtì tiyín kọjá.
- Ẹ bèèrè ìṣirò owó ọdún tó kọjá, wọ́n ń bínú.

## Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń kó bọ́ọ̀dù jọ

Ó kéré tán, trọ́sítì gbọ́dọ̀ pé méjì kí CAC tó gbà á. Lójú tèmi, méjì kéré jù, ẹ mú márùn-ún tàbí méje. Ní England, ìmọ̀ràn tí Charity Commission ń gbani ni kí trọ́sítì má dín ní mẹ́ta, torí tẹ́ni méjì bá ní èrò tó yàtọ̀, ẹnì kẹta á wà tó máa yanjú ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bàbá, ìyá àti àbúrò ìyá jọ kẹ́ẹ wá pè é ní bọ́ọ̀dù. Mo mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń ṣe é, ẹbí lèèyàn kọ́kọ́ máa ń fọkàn tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bùrọ̀dá àgbà bá ṣi owó ná, ta ni àbúrò tó máa dìde sọ pé "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú rìsíìtì wá"? Nílẹ̀ wa níbí, kò sí. Ọ̀wọ̀ ò ní jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Irú àwọn tí mo máa wá:

1. Ẹni tó mọ ìṣirò owó, tó lè ka ìwé báńkì kó sì rí ohun tó ṣẹ̀. Oníṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.
2. Olùkọ́ tàbí ẹni tó ti ṣe tíṣà rí. Ó mọ iye tí owó iléèwé jẹ́, wọn ò lè fi ìwé ayédèrú tàn án.
3. Nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó mọ̀ nípa ìlera.
4. Ẹni tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín ọjà tàbí láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, torí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló fẹ́ kọ́ṣẹ́.
5. Ẹni tó dàgbà láìní òbí. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Nínú bọ́ọ̀dù tiwa, arákùnrin kan wà tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ tọ́ dàgbà, ìgbà tá à ń jiyàn pé ká fún àwọn ọmọ ní bàtà tuntun níwájú gbogbo kíláàsì ká sì yà wọ́n ní fọ́tò, òun ló dìde tó ní: "Ẹ má ṣe é. Èmi ti dúró síwájú báyẹn rí." Kò sẹ́ni tó tún jiyàn mọ́.

Ẹ rí àwọn olóyè, pásítọ̀ àti alájì tó lórúkọ, tẹ́ẹ fẹ́ kí orúkọ wọn gbé ẹgbẹ́ náà ga, ẹ fi wọ́n ṣe bàbá ìsàlẹ̀ àti ìyá ẹgbẹ́. Ẹ bu ọlá fún wọn dáadáa, ẹ fún wọn níjókòó iwájú, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n sínú bọ́ọ̀dù tí wọn ò bá ráyè wá ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ńkọ́? Trọ́sítì ò gbowó oṣù. Òfin CAMA ò fàyè gbà á kẹ́ni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tún máa gba ipò olówó oṣù nínú ẹgbẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó lè pín owó ẹgbẹ́ bí èrè. Ti England náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ tẹ́ẹ wọ̀ lọ wo ọmọ, ẹ lè gbà á padà, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́, kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n gbà á síṣẹ́ bí òṣìṣẹ́, kó má wà nínú bọ́ọ̀dù.

## Ìwé ní CAC, bó ṣe ń lọ

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, torí lọ́yà tàbí ẹni tí CAC fọwọ́ sí ló sábà máa ń bá àwọn èèyàn ṣe é.

1. Ẹ fi orúkọ méjì ránṣẹ́, kí CAC wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ti ń lò ó.
2. Ẹ ṣe ìpàdé tẹ́ẹ ti yan àwọn trọ́sítì, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí i.
3. Ẹ polówó ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, ọ̀kan tó ń kárí orílẹ̀-èdè, ọ̀kan táwọn ará àdúgbò ń kà. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń dúró bóyá ẹnikẹ́ni á ta ko ó.
4. Ẹ kó constitution, fọ́tò, ìwé ìdánimọ̀ àti fọ́ọ̀mù jọ, ẹ fi ránṣẹ́.
5. Lẹ́yìn tí ìwé bá jáde, ẹ lọ gba ìwé SCUML. Abẹ́ EFCC ni SCUML wà, àwọn ló ń ṣọ́ kí wọ́n má fi ẹgbẹ́ fọ owó, báńkì á ní kẹ́ẹ mú u wá kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún NGO. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀, ẹni tó bá ní kẹ́ẹ san owó ìwé fún SCUML ń jẹ yín ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí: àwọn èèyàn á gba sátífíkéètì, wọ́n á gbé e kọ́ ògiri, ó tán. Lọ́dọọdún, láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá, ẹ gbọ́dọ̀ fi annual returns, ìwé ìròyìn ọdọọdún ẹgbẹ́ yín, ránṣẹ́ sí CAC, àfi ọdún tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà fóònù gbogbo yín, kì í ṣe ti akọ̀wé nìkan.

Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ ṣí ilé tí àwọn ọmọ á máa gbé, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn o. Ìwé CAC ò tó fún un, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí Alágbàká ní Àkúrẹ́ níbí, sí ministry tó ń rí sọ́rọ̀ obìnrin àti ọmọdé, kí wọ́n wá yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé. Ẹ jẹ́ kọ́mọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kẹ́ẹ máa bá wọn gbé e.

## Owó: láti London dé ọwọ́ ọmọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa, Òkè-Àrò ló ń gbé pẹ̀lú àbúrò bàbá ẹ̀. Àbúrò bàbá yìí là ń kó owó iléèwé ẹ̀ fún, ní gbogbo táàmù, ó sì máa ń fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́ sí wa nínú yunifọ́ọ̀mù, àwa náà á fi ránṣẹ́ sí London, àwọn ará London á kí wa kú iṣẹ́. Ọjọ́ Tuesday kan mo lọ ra ata ní Ọjà Ọba, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, ni mo bá rí i tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí. Ó kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú igbá lórí. Mo ní ṣé kò síléèwé lónìí ni? Ó wolẹ̀, ó ní: "Mo rò pé ẹ ti dáwọ́ dúró ni, mà."

Táàmù mẹ́ta ni kò ti lọ.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí fọ́tò tó kẹ́yìn lórí fóònù mi, mo fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́. Apá yunifọ́ọ̀mù náà ò dé ìgbúnwọ́ ọmọ náà mọ́, síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti ga kọjá orúnkún. Yunifọ́ọ̀mù ọdún tó kọjá ni, ọmọ ti dàgbà jù ú lọ. Àwa méje ló wà nínú bọ́ọ̀dù, gbogbo wa la rí fọ́tò yẹn, kò sẹ́ni tó wò ó. Àwọn àgbà ní a kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè, ojú fóònù làwa fi ń ṣe tiwa.

Àbúrò bàbá yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ tiẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, kò rówó míì, ojú sì tì í láti sọ fún wa. Mo jókòó tì í, ó sunkún. Ṣùgbọ́n ọdún kan ọmọ yẹn ti lọ, a ò lè dá a padà. Látìgbà náà báyìí là ń ṣe:

1. Àkáǹtì ẹgbẹ́ nìkan. Owó ò gbọdọ̀ wọnú àkáǹtì ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó jẹ́ pé ó mọ Ọlọ́run tó. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí àwọn méjèèjì má ṣe ìbátan.

2. Báńkì sí báńkì. Kí London má fi owó rán ẹni tó ń bọ̀ wálé ṣọdún. Wọ́n á ní ó yá jù, ó sì dín owó kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní sí ìwé kankan tó máa fi hàn pé owó náà rìn.

3. Ẹ kọ iye méjèèjì. Iye pọ́n-ùn tó kúrò lọ́hùn-ún, iye náírà tó dé ibí, àti iye tí pọ́n-ùn kan jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ilé àti òkè òkun nìyí, torí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ń ka iye ọjọ́ tó fi ránṣẹ́, ẹni tó wà nílé ń ka iye ọjọ́ tó dé.

4. Ẹ sanwó síbi tó ń lọ gan-an. Owó iléèwé sínú àkáǹtì iléèwé. Fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ lọ bá ọmọ rà á. Alágbàtọ́ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó iléèwé. Tẹ́ẹ bá rí i pé ilé ò rí jẹ, ẹ ra ìrẹsì àti gàrí fún ilé náà ní gbangba, kẹ́ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀, kí ebi má baà sún ẹnikẹ́ni jẹ owó ìwé.

5. Fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ ṣe ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọ̀gá. Ọdún mélòó, èló, kí ló máa kọ́, ìgbà wo ló máa gba fìrídọ̀mù. Ẹ pín owó náà sí mẹ́ta, ẹ má san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ wẹ́dà, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó gba fìrídọ̀mù kẹ́ẹ tó rà á, torí tó bá ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á ti lò ó gbó.

6. Ẹ lọ wò wọ́n, ẹni méjì méjì, láìsọ tẹ́lẹ̀ nígbà míì. Ẹ wo ìwé kíkọ ẹ̀, ẹ wo déètì tó wà lórí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ẹ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ níbi táwọn èèyàn ti ń rí yín ṣùgbọ́n tí alágbàtọ́ ò ti lè gbọ́. Ìbéèrè tó dáa jù tí mo ní: "Kí lo jẹ lánàá?" Ọmọ ò lè parọ́ ìyẹn pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní bọ́ọ̀dù Àkúrẹ́, ẹ má bínú táwọn ti London bá ń bèèrè rìsíìtì ṣáá. Charity Commission ló ní kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí, kí wọ́n sì rí àrídájú ibi tí owó parí sí. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n ní lẹ́yìn tí ọdún ìṣírò wọn bá parí láti fi ìwé ránṣẹ́. Ẹ fi tiyín ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà lọ́hùn-ún náà, ẹ má bá àwọn tó wà nílé sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn ló ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ nínú òjò.

## Ìpàdé

Lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, lórí WhatsApp tàbí lójúkojú, ṣùgbọ́n kí ìpinnu má jẹ́ orí WhatsApp nìkan. Kí akọ̀wé kọ ọjọ́, àwọn tó wá, ohun tá a fẹnu kò lé, ẹni tó máa ṣe é. Ojú ewé kan tó.

Tọ́rọ̀ kan bá kan yín tàbí ẹbí yín, ẹ sọ ọ́, kẹ́ẹ sì jáde kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pinnu. Bí àpẹẹrẹ, ẹ fẹ́ ra báàgì fáwọn ọmọ, ìyàwó yín sì ń ta báàgì. Ó lè jẹ́ pé tiẹ̀ ló dáa jù tó tún pọ́ọ́kú jù, kò burú, ṣùgbọ́n kí àwọn tó kù pinnu ẹ̀ láìsí yín níbẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ẹ jáde.

## Àwọn ọmọ fúnra wọn

Ibí ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín jù.

- Fọ́tò. Ọmọ tí ò tíì pé 18, ẹ ò gbọdọ̀ gbé fọ́tò ẹ̀ síta láìgba àṣẹ alágbàtọ́, kẹ́ẹ sì bi ọmọ náà fúnra ẹ̀ pẹ̀lú. Láti 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn, Nigeria Data Protection Act. Ẹ má kọ orúkọ, iléèwé àti "ọmọ òrukàn" papọ̀ sábẹ́ fọ́tò ọmọ kankan. Lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ tàbí fẹ́ ẹ lè rí i.
- Kò sẹ́ni tó ń dá lọ bá ọmọ. Trọ́sítì, òṣìṣẹ́, àlejò láti London, pásítọ̀, gbogbo wa.
- Ọmọ ò gbọdọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ trọ́sítì. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àánú, "jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, kó lè máa lọ síléèwé tó wà nítòsí", kó tó pẹ́ ó ti di ẹni tó ń fọṣọ gbogbo ilé.
- Ẹni tó bá lóun fẹ́ mú ọmọ lọ sí òkè òkun. Ẹ gbọ́ o, ẹ má fi lẹ́tà ẹgbẹ́ yín gba físà fún ọmọ kankan nítorí ẹni tó láwọn á fi síléèwé lọ́hùn-ún. Ọmọ tí ò ní òbí, tí ò sẹ́ni tó máa bèèrè ẹ̀, òun làwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò ń wá. Tọ́rọ̀ náà bá ti rú yín lójú, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ni kẹ́ẹ pè.
- Ọmọ tó pé 18. Ó ti di àgbà lójú òfin, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà. Òun ni kó sáìnì ìwé tiẹ̀, òun ni kẹ́ẹ bi ohun tó fẹ́. Ẹ má já a sílẹ̀ lọ́jọ́ ìbí ẹ̀. Ẹ ti bá a ṣètò láti ọdún 17, kẹ́ẹ jọ kọ déètì tí ìrànwọ́ máa parí àti ohun tó máa ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Tẹ́ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fìyà jẹ ọmọ tàbí wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́nà tí ò yẹ, ẹ má pe ìpàdé ẹbí láti fi bò ó. Ẹ gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ministry, ẹ sì sọ fáwọn ti England, torí ó yẹ káwọn náà fi tó Charity Commission létí.

## Tẹ́ ò bá fẹ́ jẹ́ trọ́sítì

Kò pọn dandan. Ẹ lè wà nínú kọmítì ìbẹ̀wò. Ẹ lè máa kọ́ ọmọ kan ní ìṣirò ní Saturday. Tẹ́ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ lè gba ọ̀kan síṣẹ́ láìgba owó ìkọ́ṣẹ́. Ẹ lè bá ẹgbẹ́ náà yẹ ìwé owó wọn wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹni tí kò sí nínú bọ́ọ̀dù ló tiẹ̀ yẹ kó ṣe ìyẹn. Tó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lẹ lágbára láti ràn lọ́wọ́, ẹ kàn máa san owó iléèwé ẹ̀ tààrà níléèwé, ẹ ò nílò NGO kankan fún un.

## Tẹ́ẹ bá fẹ́ kúrò

Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń dákẹ́ ni, wọn ò ní wá ìpàdé mọ́, wọ́n á jáde kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp, wọ́n á rò pé ó ti tán. Kò tíì tán o, orúkọ yín ṣì wà níwèé.

1. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi déètì sí i, ẹ fún alága àti akọ̀wé, kẹ́ẹ mú ẹ̀dà kan pa mọ́.
2. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kàn, kẹ́ẹ gba ẹ̀dà ìyẹn náà.
3. Ẹ kó gbogbo ìwé, rìsíìtì àti nọ́ńbà àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín fún ẹni tó máa gbapò yín. Ẹ mú un lọ fi han àwọn ọmọ tẹ́ẹ máa ń bẹ̀ wò, kẹ́ẹ sọ fún wọn fúnra yín pé ẹ̀ ń lọ.
4. Ẹ rí i pé wọ́n fi tó CAC létí pé trọ́sítì ti yí padà, kẹ́ẹ tún lọ wò ó fúnra yín lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ti England náà, ẹ wo ojú ìwé Charity Commission.
5. Tẹ́ẹ bá wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí owó, ẹ lọ sí báńkì fúnra yín, kí wọ́n yọ sáìn yín kúrò, kẹ́ẹ dá tókìn àti ATM padà, kẹ́ẹ sì gba ìwé tó fi hàn pé ẹ ti dá a padà.